Elétí Ehoro Tó Ń Ṣọ́ Oorun Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, ẹ̀yin oníṣègùn tí ẹ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn, ohun tí ẹ ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìjókòó yín, òótọ́ ni. Ojú oorun ni Bàbá wa gbà lọ. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ oorun ọmọ ọlọ́mọ, oorun tirẹ̀ ni kò jí mọ́. Àwa ẹbí mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè kọ ọ́ tí ẹnì kan kò ní fi ìwé yìí bojú rẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e síwájú. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, ká lè bẹ̀rẹ̀.

A bí Bàbá ní ọdún 1944, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, níbi tí aago bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì sí méjì nínú wọn tó fẹnu kò lórí àsìkò. Alátùn-únṣe aago ni bàbá wọn, ọmọ alátùn-únṣe aago. Ìran tí kì í ṣí ìdí aago láìkọ́kọ́ fi etí sí i ni ìran náà, wọ́n sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì tà lójúde ilé kan náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Bàbá ni ọmọ kẹrin, àwọn náà sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé wọn pọ̀n títí ẹsẹ̀ wọn fi ń wọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ̀ wọ́n dáadáa sọ pé orí ẹ̀yìn yẹn ni Bàbá ti ń wo ayé títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà líle kan dá wọn dùbúlẹ̀ títí ìyá wọn fi dáwọ́ búrẹ́dì dúró, tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń fọhùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n bá ń kọjá lójúde. Wọ́n yè é. Bàbá fúnra wọn máa ń sọ pé ibà náà wá, ó wo ojú àwọn, ó sì sá, kò mú ohunkóhun lọ lára àwọn. Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́ síbí.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n mọ̀wé bí ẹni tó ti kà á rí láyé àkọ́wá. Igun apá òsì kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni ìjókòó wọn. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n sún sí àárín, wọ́n á sún, tó bá di ọ̀la wọ́n á tún ti padà sí igun. Olùkọ́ kan sọ pé ọmọ yìí máa ń da orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọdún 1964, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ipò kìíní. Wọ́n tún lọ kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan àwọn ọmọdé, wọ́n sì tún gba ipò kìíní níbẹ̀. Ẹni tó gba ipò kejì wà láàárín wa lónìí. Ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun, pé gbogbo ìgbà tí òun bá pàdé Bàbá ni wọ́n ti máa ń rán òun létí, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1973, Bàbá gbé Màmá wa níyàwó. Olùkọ́ ni Màmá nígbà náà. Wọ́n padà di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láìgbé ohùn sókè rí, nítorí pé kò sẹ́ni tó dúró dè é. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Màmá ti ń rìn ní apá ọ̀tún Bàbá, apá ọ̀tún náà ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń tọ́ka sí wọn pé ìfẹ́ nìyẹn. Màmá kì í dá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1976 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Wọ́ọ̀dù wọn gùn tẹẹrẹ, ọ̀dà àwọ̀ ewé bo ìdajì ògiri, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ibẹ̀ ni a ń gbé àwọn ọmọ tó ní wárápá wá, àti àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn le gbagidi, àti àwọn tí iṣan ara wọn ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láyé ìgbà náà, ohun tó bá ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àìsàn orí rẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Tó bá ń tòògbé ní kíláàsì, orí ni. Tó bá ń kanra, orí ni.

Ọmọkùnrin kan wà tí wárápá rẹ̀ kò gbọ́ oògùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e wá ni wọ́n ń bù kún oògùn náà, títí ọmọ fi dà bí ẹni tí wọ́n tú omi lé lórí. Bàbá ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń sùn lọ́sàn-án. Wọ́n gbọ́ tó ń hanrun, ìhanrun náà já, kẹ́kẹ́ pa, lẹ́yìn náà ni ọmọ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó jáde lábẹ́ omi. Bàbá dúró, wọ́n da orí sí èjìká òsì, wọ́n di ojú. Wọ́n yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní, “Orí ọmọ lẹ̀ ń wò, ọ̀fun rẹ̀ ló ń fún un pa.” Wọ́n gé ẹran tó dí ọmọ lọ́fun. Wárápá náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó dínkù, oògùn dínkù, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè títí ó fi sú ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni ìtàn yìí. Ọmọ náà ti di bàbá ọlọ́mọ, ó sì wà nínú àwọn tí yóò gbé pósí lónìí.

Dókítà eegun kan ló fi Bàbá ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà pé, “Elétí Ehoro dé o!” Ẹlòmíràn ì bá bínú. Bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dé ara ife tíì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá kọ́ kò lóǹkà. Ẹ̀kọ́ wọn kò gùn: dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, da orí sí èjìká òsì, di ojú, gbọ́. Ìlànà wọn wà lára ògiri wọ́ọ̀dù pé, “Ọmọ tó ń hanrun, ẹ gbé e wá. Ọmọ tí kò hanrun, ẹ jẹ́ kó sùn.” Ẹ wo ìlà ìjókòó kejì lápá ọ̀tún, ẹ óò rí àwọn dókítà àgbà tí orí wọn ṣì wọ́ sí èjìká òsì di bí a ti ń wí yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni wọ́n. Fọ́tò iwájú ìwé yìí náà, bó ṣe rí nìyẹn. Ayàwòrán kò ṣe àṣìṣe.

Ní ọdún 2003, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, dókítà obìnrin kan, gbé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ oorun wọ ilé ìwòsàn. Wáyà tín-ín-rín á lọ sí orí ọmọ, bẹ́líìtì á yí àyà àti ikùn rẹ̀ ká, iná pupa kékeré á wà ní orí ìka, túùbù á wà nídìí imú láti mọ bí èémí àlòkù ṣe ń jáde, gbohùngbohùn á sì wà lẹ́bàá ìrọ̀rí. Bàbá wo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ lẹ fẹ́ tọ́jú ni àbí rédíò lẹ fẹ́ tún ṣe?” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe dókítà yìí ní Oníwáyà. Ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹ̀rọ náà dára, èsì wọn ni pé, “Ẹni tí kò bá ní etí, kó ra wáyà.”

Oníwáyà kì í fèsì ẹ̀sín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀, ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, “Ọ̀gá, ọmọ tí iṣan àyà rẹ̀ ti rọ̀, níbo ló ti máa rí agbára tó máa fi hanrun? Àwọn tó dákẹ́ yẹn gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù.”

Bàbá ní, “Dókítà, ìdákẹ́jẹ́ ò pa ẹnikẹ́ni rí.”

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀gá ló sọ ọ́.

Ibi tí a dé yìí ni a ní láti sọ̀rọ̀ nípa ọmọ-ọmọ Bàbá, àkọ́bí àkọ́bí wọn. Ọdún 1999 ni wọ́n bí i. Ojú rẹ̀ jọ ojú ìyá Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn ju Oníbúrẹ́dì lọ. Ó pẹ́ kó tó rìn, nígbà tó sì rìn, ó ń ṣubú. Bàbá ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Iṣan ara rẹ̀ ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àga oníkẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Ní ọdún yẹn ni ẹnu náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Orí ń fọ́ ọ tó bá jí. Kì í fẹ́ jẹun àárọ̀. Ó ń sùn lórí tábìlì ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ sì ń sọ pé ó ń ṣọ̀lẹ. Ìyá rẹ̀, àkọ́bí Bàbá, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kíyè sí i pé ó máa ń rẹ ọmọ òun ní òwúrọ̀ ju alẹ́ lọ. Ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá wá, wọ́n jókòó ti ọmọ náà nígbà tó sùn, wọ́n da orí, wọ́n di ojú.

Wọ́n ní, “Ó ń sùn bí ọmọ ọba. Kò hanrun.”

“Bàbá, mi ò bi yín bóyá ó ń hanrun. Mo bi yín bóyá ó ń mí.”

“Ṣé èèyàn lè sùn kó má mí ni?”

“Ẹ̀yin ni dókítà, sà. Èmi ni mo ń bèèrè.”

Bàbá ní kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ ju kíkàwé lábẹ́ ibora lọ. Agbẹjọ́rò kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá Oníwáyà.

Ìròyìn náà dé ọ́fíìsì Bàbá kí ọmọ tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Òfin ni pé àgbàlagbà kan láti inú ẹbí gbọ́dọ̀ sùn sí yàrá ọmọ. Bàbá ní àwọn ni. Wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, pé, “Ẹ jẹ́ kí etí àti wáyà jọ wọ yàrá kan. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀.” Gbogbo ilé ìwòsàn pín sí méjì. Àwọn tó ń fọ aṣọ pàápàá ní ẹ̀yìn tí wọ́n wà.

Yàrá náà kéré. Bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ̀rọ náà lórí tábìlì onítáyà, àga onítìmùtìmù kan. Wáyà gba gbogbo apá kan bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà wọ́n gbé àga sí apá kejì, lọ́nà tó jẹ́ pé ọmọ wà ní ọwọ́ òsì ẹni tó bá jókòó, ògiri sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì náà padà. Oníwáyà ní wáyà ò ní dé ibẹ̀, sà, ó sì bèèrè ìdí. Bàbá ò sọ ìdí. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ó ya àwọn tó mọ̀ wọ́n lẹ́nu, nítorí Bàbá kì í jókòó síbi tí ẹlòmíràn bá fi wọ́n sí.

Lówùúrọ̀, Bàbá jáde nínú yàrá náà pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n ní, “Mi ò fojú kan oorun. Ọmọ ò hanrun rárá. Ẹ lọ tú wáyà yín.” Wọ́n lọ mu tíì.

Wọ́n ṣí ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ìhanrun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹni pé lọ́rí tó ru yanrìn ń gun òkè ni, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì àyà ọmọ fi hàn pé díẹ̀ báyìí ni àyà náà ń gbéra, èémí àlòkù sì ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí omi ìdọ̀tí tí gọ́tà rẹ̀ dí. Oníwáyà ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ó dà bí ẹni pé èèyàn méjì ló sùn sínú ọmọ kan. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò ní ojú, etí nìkan ló ní. Oníwáyà lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, níwájú gbogbo ènìyàn.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló hanrun?”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fi ara yín sí ipò Bàbá. Bí wọ́n bá ní ọmọ ni, a jẹ́ pé Elétí Ehoro jókòó ti ìhanrun títí ilẹ̀ fi mọ́, kò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ni, a jẹ́ pé wọ́n sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì hanrun lórí ọmọ tí wọ́n wá ṣọ́. Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Ọmọ náà ni. Mo gbọ́ ọ. Mi ò kàn fẹ́ kí jìnnìjìnnì bá ìyá rẹ̀ ni.”

Agbẹjọ́rò sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹlẹ́rìí tó bá yí ohùn padà bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, adájọ́ kò ní jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí náà, òun nìkan ló sì wà nínú yàrá. A kò lè sọ bóyá Bàbá parọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbà á gbọ́ kí gbólóhùn náà tó tán lẹ́nu wọn. Ó rọrùn fún wọn láti gba ara wọn gbọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń hanrun, ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọmọ tí iṣan àyà rẹ̀ ti rọ̀, bí wọ́n bá fún un ní oògùn tó ń mú ni sùn fún iṣẹ́ abẹ, ó lè má lè dá mí mọ́, kó má sì jí. Ohun tó ń ṣe é gan-an, tí í ṣe èémí tí kò lágbára láti jáde, yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Oníwáyà sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ga tó ti ọ̀gá. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, agbẹjọ́rò jókòó ní ọ́fíìsì Oníwáyà, ó ní kó tún jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, kí òun mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Màmá ń kọjá bọ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ àwọ̀sùn ọmọ. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, “Ẹ dákun, ta ló gbé ọkọ mi sínú àpótí yẹn?”

Oníwáyà yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Màmá, ẹ fara balẹ̀,” ni agbẹjọ́rò wí. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ta lò ń bi bó dá a lójú? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń sùn ti nǹkan yìí. Ẹ dúró ná. Ó fẹ́ fa tábìlì báyìí.” Ìhanrun inú ẹ̀rọ náà sì dún bí ẹni tó ń fa tábìlì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ó kù fèrè.” Ó sì fọn fèrè, tín-ín-rín, bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Màmá gbé báàgì sílẹ̀. “Ṣé torí ariwo ọkọ mi lẹ ṣe fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi lọ́fun?”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá. Agbẹjọ́rò, tí a kò mọ̀ bóyá ìwà ìkà ni tàbí iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ó kàn ní, “Bàbá, ẹ bá wa gbọ́ èyí.” Bàbá da orí sí èjìká òsì, wọ́n di ojú.

Wọ́n ní, “Èyí kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀fun àgbàlagbà ni. Ọkùnrin ni, á ti kọjá ọgọ́ta. Ó sanra díẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń já yẹn? Èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun. Ẹni yìí nílò ìtọ́jú o. Ta ni?”

Agbẹjọ́rò ní, “Ẹ̀yin ni, sà.”

A gbọ́dọ̀ sọ èyí fún Bàbá: kò sí ohun tí wọ́n sọ nípa ọkùnrin inú ẹ̀rọ náà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n la ojú. Wọ́n wo Màmá, Màmá ń wo fèrèsé. Wọ́n ní, “Ẹ fagi lé iṣẹ́ abẹ náà,” wọ́n sì jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé orí wọn tọ́ lọ́rùn nìyẹn.

Oníwáyà fi ìbòmú tí ń ti afẹ́fẹ́ wọnú àyà bo Oníbúrẹ́dì lójú oorun. Kò pẹ́ tí orí fi dẹ́kun fífọ́, tí ó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ tirẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, tí olùkọ́ sì tún ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé ọmọ kò jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ra.

Ní ọdún 2008, Bàbá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan tí púpọ̀ nínú yín gbọ́. Àkòrí rẹ̀ ni “Ìdánwò Elétí”. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ bí àwọn ṣe mọ̀ọ́mọ̀ hanrun nínú yàrá ọmọ kan láti fi dán ẹ̀rọ tuntun wò, àti bí ẹ̀rọ náà ṣe kùnà. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ. Màmá jókòó ní iwájú, ní apá ọ̀tún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Oníwáyà náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ni Bàbá ti là á sílẹ̀ pé kí àgbàlagbà tó bá sùn sí yàrá ọmọ máa wọ gbohùngbohùn tirẹ̀ sọ́rùn, kí wọ́n lè yọ ìhanrun tirẹ̀ kúrò nínú ti ọmọ; pé ọmọ tí iṣan rẹ̀ ti rọ̀, bó tilẹ̀ dákẹ́ bí òkúta, kí wọ́n ṣọ́ èémí rẹ̀. Wọ́n pa ìlà kejì ìlànà wọn rẹ́ lára ògiri wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ẹni tó kùn ún ló kọ ọ́ ṣì. Iye ọmọ tó wà láàyè nítorí òfin yìí, Oníwáyà ló lè sọ, ó sì ní òun yóò sọ ọ́ tó bá kan òun láti sọ̀rọ̀.

Oníwáyà fún Bàbá náà ní ìbòmú. Wọ́n lò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó sọ àwọn di erin. Màmá ní ìgbà yẹn ni ilé dákẹ́ jù, àwọn ò sì lè sùn. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kí wọ́n gbé e pamọ́.

Bàbá jẹ́ onígbàgbọ́. Ìjókòó wọn ní ilé ìjọsìn ni ìpẹ̀kun ìlà apá òsì, níbi tí àwọn èèyàn ńlá kì í jókòó sí. Oníwàásù ti fi ìjókòó náà ṣe àpẹẹrẹ ìrẹ̀lẹ̀ rí, Bàbá kò sì tako oníwàásù.

Ní ti ìlú, wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nípa ìsapá wọn ni gọ́tà òpópónà wa fi ń ṣàn. Wọ́n tún gbógun ti ariwo. Wọ́n gbé ẹjọ́ ajá aládùúgbò kan, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, wá sí ìpàdé pé kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Télọ̀ náà dìde, ó ní, “Alága, ajá mi kì í dá gbó. Ẹnì kan ló ń dá lóhùn, láti fèrèsé òkè tiyín.” Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Kò tíì yá di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009, wọ́n sì ń lọ sí wọ́ọ̀dù bí ẹni tí kò fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n bá rédíò jà, wọ́n kí Màmá pé ó dàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdákẹ́jẹ́ ló jí Màmá.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ ni: Màmá wa, aya wọn, ọmọ mẹ́ta, tí í ṣe agbẹjọ́rò, atukọ̀ òkun, àti dókítà eyín, tí Bàbá kò kà kún dókítà; àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Oníbúrẹ́dì jẹ́ àgbà wọn. Ó ti di ayàwòrán ilé báyìí. Òun ló ya ilé tí Màmá ń gbé, yàrá ibùsùn rẹ̀ sì ni ògiri rẹ̀ nípọn jù.

Bàbá wa, ẹ ti ṣọ́ oorun ọmọ aráyé tó. Ó ku tiyín. Ẹ sùn ire, ẹ sùn wọra, kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà kàn yín.

Màmá ní kí a fi gbólóhùn kan kún un. Ẹni tó bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀ ìkẹyìn kí a tó pa pósí dé, kó dúró sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà ibà ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, etí òsì Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.